Ta Ni Rójà Tí Wọ́n Ń Pè?

Níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ ní Ìbàdàn, àga tó kù fún mi wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ní ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà kan tó wé gèlè aṣọ òkè. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì dúró níwájú wa, ó di wọ́kítọ́kì mú. Bí ọkọ̀ bá ti yà wọlé, á gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu, á tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ní kí ẹnì kejì òun tó wà níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí wá àyè sílẹ̀. Ẹ̀rọ á ṣe "ṣáà", ẹnì kejì á sì dáhùn láti ibi tí a kò ti rí i: "Rójà." Ọkọ̀ mìíràn á tún dé. "Rójà." Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìrẹsì dé, ìyá náà kò sì tíì fọwọ́ kàn án tó fi yíjú sí mi.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "Rójà tí wọ́n ń pè láti àárọ̀ yìí, orí ẹ̀ mà le o. Kò jẹ́, kò sì yọjú. Ọmọ ta ni?"

Ẹ̀rín pa mí. Àmọ́ nígbà tí mo lanu láti ṣàlàyé, mo rí i pé ìbéèrè Mama kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi gbólóhùn kan dáhùn. Ta ni Rójà lóòótọ́? Kí ló dé tó jẹ́ orúkọ ọkùnrin òyìnbó kan ni sójà, páílọ́ọ̀tì, ọlọ́pàá àti ọmọ tó ń ṣọ́ géètì fi ń dá ara wọn lóhùn? Bí wọ́n bá sì ti sọ ọ́, kí ni wọ́n sọ gan-an?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò ni pé ẹnà ni. A mọ ẹnà dáadáa nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí a lọ́ pọ̀ kí ẹni tí kò sí nínú agbo má baà mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn ọmọ ogun náà ní ẹnà tiwọn, wọ́n ní i rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n Rójà kò sí lára rẹ̀. Ẹnà máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún etí àjèjì. Rójà ni wọ́n dá sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà sọnù lójú ọ̀nà kó tó dé etí ẹni tó ni ín. Kí a tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìgbà tí rédíò kò tíì sí, tó jẹ́ wáyà ni wọ́n ń tẹ̀.

Àwọn àgbà wa tó bá ìjọba òyìnbó ṣiṣẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ "tẹ wáyà". Ẹ̀rọ náà kò lè gbé ohùn ènìyàn. Iná mànàmáná ló ń gba inú okùn irin kọjá, ohun méjì péré ni ẹni tó jókòó tì í sì lè fi ṣe: kó jẹ́ kí iná náà kọjá, tàbí kó gé e. Ní Amẹ́ríkà, Samuel Morse àti Alfred Vail tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá ọgbọ́n sí i. Bí o bá tẹ irin náà fírí, ó di àmì kúkurú. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó di àmì gígùn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye kúkurú àti gígùn tirẹ̀. Ní 1844 wọ́n fi í ránṣẹ́ láti Washington dé Baltimore, ayé sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Kúkurú kan ṣoṣo ni E. Gígùn kan ṣoṣo ni T. Nínú èyí tí gbogbo àgbáyé wá fẹnu kò lé lórí lẹ́yìn náà, R jẹ́ kúkurú, gígùn, kúkurú. Ẹ fi ìka kan tábìlì kí ẹ gbọ́ ọ: dì-dàà-dì. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti bí Rójà.

Ìṣòro wáyà ni pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò rí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sí. Apàlọ́ kì í pàlọ́ fún ògiri; á ní "Àlọ́ o", bí agbo kò bá sì dáhùn "Àlọ̀", kò ní tẹ̀ síwájú. Lórí fóònù lónìí náà, bí ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ kò bá ṣe "hùn" láàárín ọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ tí wàá fi bi í pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Akọ̀wé wáyà kò ní "hùn" kankan. Bó bá tẹ ọ̀rọ̀ ogún tán tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn lè túmọ̀ sí pé ẹnì kejì ti gbọ́ ohun gbogbo. Ó lè jẹ́ pé ó ti sùn lọ. Ó sì lè jẹ́ pé igi ló wó lu okùn irin níbì kan nínú igbó, tí ọ̀rọ̀ sì ti dà sílẹ̀ láti ìdajì.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i kò wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé pé pérépéré, ẹni tó gbà á á dá lẹ́tà kan ṣoṣo padà, R, nítorí R ló bẹ̀rẹ̀ "received", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí pé ohun tí a fi ránṣẹ́ ti tẹni lọ́wọ́. Dì-dàà-dì, ó parí. Kò sọ pé ìròyìn náà dùn mọ́ òun, kò sì sọ pé òun máa ṣe ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Ó kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ gúnlẹ̀ ni.

Ní oṣù Kejìlá 1901, Guglielmo Marconi kéde pé òun ti gbọ́ lẹ́tà S, kúkurú mẹ́ta, ní Newfoundland, láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Poldhu lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìsí okùn kankan lórí òkun Àtìláńtíìkì. Kò pẹ́ sí i tí ohùn ènìyàn fúnra rẹ̀ náà fi ń gba afẹ́fẹ́ kọjá. Rédíò tó wọ ilé wa, àwọn Yorùbá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tó bá a mu wẹ́kú, nítorí bí o bá bú u láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní dá ọ lóhùn. Ti àwọn ọmọ ogun ń gba èsì ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní asọ̀rọ̀gbèsì, kí a lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ibi tí ohùn ènìyàn ti wọ asọ̀rọ̀gbèsì ni wàhálà tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń pe lẹ́tà wọn: bíì, síì, díì, íì, jíì, píì, tíì, fíì. Ìparí kan náà ni gbogbo wọn ní. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ kò ju orí ọ̀rọ̀ lọ, ní kọ́ńsónáǹtì, kọ́ńsónáǹtì yìí gan-an ni ariwo sì máa ń kọ́kọ́ gbé mì. Ìdí ni èyí. Nígbà tí a bá fẹ́ pe "t" tàbí "b", ahọ́n tàbí ètè á dí èémí mọ́nú, á sì tú u sílẹ̀ lójijì, bí ìgbà tí ìdérí bá já lẹ́nu ìgò. Ìtúsílẹ̀ yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ló gùn, òun ló lágbára, òun ló ń rìn jìnnà. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí wọ́n ń pe ènìyàn láti òkè odò mọ̀ ọ́n: ohun tó máa kọ́kọ́ dé etí ni "oooo", kò ní í mọ orúkọ tí wọ́n ń pè títí wọn á fi sún mọ́ ọn. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú ogun, tí ẹ́ńjìnnì ń ké ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, tí wọ́n sọ fún un pé kó lọ sí ibi tí wọ́n fi D sàmì sí. B ló gbọ́.

S àti F ní àléébù tiwọn. Afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ jáde lẹ́bàá eyín ni àwọn méjèèjì, ohun tó sì ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì wà lókè téńté ibi tí ohùn tín-ín-rín gan-an wà. Ohùn jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n. Bó bá ṣe ń gbọ̀n yára tó ni yóò ṣe tín-ín-rín tó. Tẹlifóònù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń jẹ́ kí ohùn tó ń gbọ̀n láti nǹkan bí 300 ìgbà dé nǹkan bí 3,400 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá, ó sì ń sẹ́ ìyókù dànù bí ajọ̀ ṣe ń sẹ́ pàǹtí. Ibi tí wọ́n ti dá S mọ̀ yàtọ̀ sí F wà lára pàǹtí náà. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ń pe orúkọ yín fún ọmọ ilé ìfowópamọ́ lórí fóònù, á bi yín pé, "F ni àbí S?" Ẹ̀yin náà á ní, "S bíi Sunday." Ẹ ti dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ ogun láìmọ̀. Ní 1923, ìṣòro S yìí kan náà ló jẹ́ kí Frederick Stanley Mockford, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ rédíò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Croydon ní Lọ́ńdọ̀nù, wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún páílọ́ọ̀tì tó bá wà nínú ewu. SOS dára bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá fẹnu sọ ọ́, S méjèèjì á pòórá. Ọkọ̀ tó ń wá sí Croydon láti Paris pọ̀ nígbà náà, ló bá mú ohun tó dún bí "ẹ ràn mí lọ́wọ́" ní èdè Faransé, ó sọ ọ́ di Mayday.

Ọgbọ́n "S bíi Sunday" yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹ wo dùndún. Ìlù náà kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ló ní, dò, re àti mí. Bí onílù bá lu re-mí, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó sì lè jẹ́ ọjọ́. Ọmọ Àyàn tó mọṣẹ́ kì í wá lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó sì fi ọ́ sílẹ̀. Á fi gbólóhùn gígùn wọ ọ̀rọ̀ náà láṣọ. Bó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn ló fẹ́ pè, oríkì ni yóò fi ṣe é, kí etí lè rí ibi púpọ̀ dì mú. John Carrington, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé láàárín àwọn Lokele ní Kóńgò, rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílù ibẹ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1949.

Àwọn onímọ̀ ní orúkọ gígùn fún un. Èmi á kúkú pè é ní ènì ọ̀rọ̀. Bí ìyá tó ń ta gààrí bá wọn kóńgò kan fún ọ tán, á bu díẹ̀ lé e. Bí ìwọ̀nba bá dà nù lójú ọ̀nà, ohun tó máa dé ilé kò ní dín sí iye tí o rà. Bẹ́ẹ̀ ni "S bíi Sunday" ṣe rí. Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́, mo wá di odidi ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, tí ariwo bá gbé ìdajì lọ, ìdajì tó kù tó ohun tí ẹ lè fi mọ ìyókù. Bí "-nday" nìkan bá dé, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe F.

Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ogun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó ìránṣẹ́ ti ní ènì ọ̀rọ̀ tiwọn, àmọ́ ìwọ̀nba lẹ́tà tó ń fún wọn ní wàhálà ni wọ́n fún ní orúkọ. A di Ack, M di Emma, P di Pip, T di Toc. Wọn kò ní "ọ̀sán" mọ́, "pip emma" ni wọ́n ń sọ, nítorí PM ni òyìnbó fi ń kọ ọ́. Ilé ìsinmi kan wà fún àwọn sójà ní Poperinge, ní Belgium, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá 1915. Talbot House lorúkọ rẹ̀, T àti H. Toc H ni gbogbo sójà ń pè é, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lórí.

Lẹ́yìn ogun yẹn, kálukú ń ṣe tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, R bíi Robert ni. Bó bá jẹ́ pé tiwọn ló lékè ni, "Róbáàtì" ni Mama ì bá máa bi mí nípa rẹ̀. Àmọ́ ogun Hítílà dé. Ní 1941, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti orí omi Amẹ́ríkà fẹnu kò sórí orúkọ kan náà fún gbogbo lẹ́tà: Able, Baker, Charlie, Dog, títí dé Zebra. Nínú èyí, R bíi Roger ni. Nígbà tó yá, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ ń jagun náà gbà á lò. Báyìí ni ọ̀rọ̀ wa ṣe pé. Àwọn tó ń tẹ wáyà ti ń dá R padà fún ọ̀pọ̀ ọdún láti sọ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Nígbà tó wá di pé ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, R kò ṣe é sọ lásán, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè. Kò sí ọkùnrin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Dì-dàà-dì tó wọ aṣọ ni.

Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ òfuurufú wá ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, Able àti Baker kò sì rọrùn lẹ́nu ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè rẹ̀. Jean-Paul Vinay, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ èdè ní yunifásítì Montréal, ló bá àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ṣe iṣẹ́ lórí orúkọ tuntun. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ará Faransé, ará Sípéènì àti òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lè pè láìsí wàhálà. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1951, ó ní àbùkù, wọ́n tún un ṣe: Nectar di November, Union di Uniform, Extra di X-ray. Wọ́n fi àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè 31 dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 1956 ni èyí tí gbogbo ayé ń lò lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé "Alfa" ni wọ́n kọ, pẹ̀lú f, kí ẹnikẹ́ni má baà pe p àti h rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n sì fi t méjì parí "Juliett", nítorí ará Faransé kò ní pe t kan ṣoṣo tó bá wà ní ìparí ọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láàyè díẹ̀ níbí. Àjọ yìí kan náà ló ní kí páílọ́ọ̀tì máa pe 3 ní "tree". Ó wà nínú ìlànà wọn ní dúdú àti funfun, nítorí ìró tí òyìnbó máa ń fi ahọ́n há eyín pè kò ṣe é gbọ́ lórí rédíò, ọ̀pọ̀ èdè kò sì ní in. Wọ́n ní kí wọ́n máa pe 9 ní "niner", kó má baà jọ 5 létí. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ẹgba mélòó ni mo jẹ nítorí "tree"! Bí mo bá mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mo ń sọ ni páílọ́ọ̀tì gbogbo ayé ń sọ, ẹgba yẹn ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Láti 1956 wá, R ti di Romeo. Síbẹ̀, kò sí páílọ́ọ̀tì tó ń dáhùn pé "Romeo" bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìlú wa kún fún ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ Ìdí-èyí àti Ìdí-ọ̀hún, tí wọ́n ti gé igi náà kí wọ́n tó bí kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń pariwo orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti gé igi Rójà, ibùdókọ̀ rẹ̀ ṣì wà.

Ó wá ku ìtumọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti le jù fún àwa Yorùbá, nítorí "gbọ́" tiwa ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ ariwo: etí ni. Mo gbọ́ Haúsá: òye ni. "Ọmọ yìí kò gbọ́ràn": etí ọmọ náà kò di, kò kàn ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ wí ni. Bí ọmọdé bá ní "Mo ti gbọ́, mà," ìyá rẹ̀ gbà pé ó ti gbọ́ nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ogun, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn. Nítorí náà wọ́n ya gbọ́ sí wẹ́wẹ́. Rójà jẹ́ ti etí nìkan: gbogbo ohun tí o sọ kẹ́yìn ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun máa ṣe é ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, "wilco", tí wọ́n gé láti ara "will comply". "Bẹ́ẹ̀ ni" ní tirẹ̀, "bẹ́ẹ̀ kọ́" ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá bi páílọ́ọ̀tì ní ìbéèrè tó gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó sì dáhùn pé Rójà, kò tíì dá wọn lóhùn. Ó kàn sọ fún wọn pé òun gbọ́ ìbéèrè ni. Àwọn òṣèré fíìmù tó ń sọ pé "Roger, wilco" ń da omi sínú ife tó ti kún, torí ẹni tó ní òun máa ṣe é ti gbọ́ ọ ná.

Fíìmù ló tún kọ́ wa ní "over and out", èyí tó tún burú ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ rántí bọ́tìnì tí ọmọ géètì ń tẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ní etí, ó ní ẹnu, àmọ́ kò lè lo méjèèjì pọ̀. Bó bá tẹ bọ́tìnì, ẹnu ṣí, etí di. Bó bá tú u sílẹ̀, etí ṣí, ẹnu di. Nítorí náà ló ṣe yẹ kí ẹni tó sọ̀rọ̀ tán sọ ọ́ síta pé òun ti tán. "Over" ni pé ó kàn ọ́, mò ń dúró de èsì rẹ. "Out" ni pé ọ̀rọ̀ parí, má wulẹ̀ fèsì. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ ń pè ọ́ jókòó, ó sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá gbọ́ dáadáa, ẹ ní kí wọ́n tún un sọ, "say again". Láàárín àwọn sójà, "repeat" ní iṣẹ́ mìíràn. Òun ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn tó ń yin àgbá pé kí wọ́n tún yìn ín síbi tí wọ́n yìn ín sí lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí a ti rí bí gbogbo èyí ṣe ṣe pàtàkì tó kì í ṣe ojú ogun. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1977, bọ́ǹbù bú ní pápá ọkọ̀ òfuurufú kan ní erékùṣù Gran Canaria, wọ́n sì darí ọkọ̀ púpọ̀ lọ sí pápá kékeré tó ń jẹ́ Los Rodeos, ní Tenerife. Ọkọ̀ ńlá méjì wà níbẹ̀, ti KLM láti ilẹ̀ Dutch àti ti Pan Am láti Amẹ́ríkà. Ìkùukùu bo gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó wà nílé ìṣọ́ kò rí ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì rí ara wọn. KLM ti dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbéra, Pan Am ṣì ń wọ́ bọ̀ lórí ọ̀nà kan náà, ó ń wá ibi tí yóò ti yà.

Láti inú KLM, igbákejì awakọ̀ sọ lórí rédíò pé àwọn wà ní "take-off". Kí ló ń sọ? Pé wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń gbéra, tàbí pé wọ́n ti ń gbéra lọ? Ẹni tó wà nílé ìṣọ́ gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó ní "OK", ó sinmi díẹ̀, ó wá fi kún un pé kí wọ́n dúró ná, òun máa pè wọ́n. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, Pan Am náà tẹ bọ́tìnì tirẹ̀ láti sọ pé àwọn ṣì wà lórí ọ̀nà. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ lórí ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbì wọn á forí gbárí, ẹni kẹta kò ní gbọ́ méjèèjì, ìfé kan ló máa gbọ́. Ohun tó wọ inú KLM nìyẹn, ìfé kíkan tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Èyí tó wọlé kedere ni "OK". Ọkọ̀ náà sì ti ń sáré lọ.

Ènìyàn 583 ló kú. Kò tíì sí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú mìíràn tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ kíyè sí ohun tí "OK" ṣe níbẹ̀, nítorí ọmọ ìyá "mo ti gbọ́" wa ni. Ó lè jẹ́ pé mo gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ pé mo gbà fún ọ, kálukú sì mú èyí tó wù ú. Lẹ́yìn Tenerife, wọ́n fi òfin de ọ̀rọ̀ "take-off": wọn kì í pè é mọ́ àyàfi bí ilé ìṣọ́ bá fẹ́ fún ọkọ̀ láyè láti gbéra gan-an, tàbí tó bá fẹ́ gba àyè náà padà. Ní ibi yòókù, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò. Wọ́n sì tún ọwọ́ mú ọ̀rọ̀ dídá padà. Bó bá kan ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà tàbí bó ṣe máa ga tó, Rójà kò tó èsì. Páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ka àṣẹ náà padà bí wọ́n ṣe fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà inú rẹ̀, kí ẹni tó fún un láṣẹ lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bóyá ohun tí òun sọ ló dé. Àwọn tó ń rán ọmọ níṣẹ́ ti mọ èyí tipẹ́: "Kí ni mo ní kí o rà?" "Ẹ ní kí n ra iyọ̀ àti ata gígún." "Ata rodo ni mo wí!"

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ti bí ọmọ mìíràn. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba títì márosẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á da igi dí ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn tó dúró níbẹ̀ á tẹ orí ba sí fèrèsé, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kí awakọ̀ "roger" àwọn. Kò sí rédíò, kò sí ìránṣẹ́, kò sí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ dé. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé àwọn yẹn gan-an ni wọ́n mú R padà sí ìdí rẹ̀: gbígbà ni ìtumọ̀ "received", wọ́n sì fẹ́ gbà.

Mi ò sọ gbogbo èyí fún Mama. Orin ti ròkè, ìrẹsì sì ń tutù. Mo kàn fẹnu sún mọ́ etí wọn, mo ní, "Mama, kì í ṣe ènìyàn. Ó túmọ̀ sí pé, mo ti gbọ́ ohun tí o sọ."

Wọ́n ronú díẹ̀. "Ṣé ó ní òun máa ṣe é?"

"Rárá, mà. Ìyẹn kò sí nínú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ni."

Mama mú ṣíbí wọn. "A jẹ́ pé mo mọ Rójà dáadáa," wọ́n ní. "Èmi ni mo bí i."